Fèrè Pupa Tó Wà Lára Ògiri Ṣọ́ọ̀bù Mi

Àwọn tó máa ń gbé ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi máa ń bi mí nípa fèrè pupa kan tí mo fi ìṣó kọ́ sára ògiri. Bàlúùnù tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ níbi ọjọ́ ìbí ni. Ó ti rọ, ó ti hunjọ bí ata gbígbẹ, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nù. Tí wọ́n bá bi mí, mo máa ń ní, "Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kẹ́yìn nìyẹn." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Nígbà tí olóòtú ìwé wa ní kí n kọ nǹkan, mo ní èmi kì í ṣe òǹkọ̀wé, pánẹ́ẹ̀lì-bítà ni mí. Ó ní kí n kọ ohun tí mo mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ nìyí.

Ẹ̀yin àgbà máa rántí Bàbá kan tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn lápá òsì, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ẹnjinníà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé Bàbá ń kan ọkọ̀ bàálù lẹ́yìnkùlé wọn. Kì í ṣe bàálù ìṣeré o. Ẹni méjì ló lè jókòó nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kan sì máa wà níwájú. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kẹ́ẹ̀tì: ilé iṣẹ́ tó ya àwòrán rẹ̀ á gé àwọn páànù alumíníọ̀mù, wọ́n á kó wọn sínú àpótí, ẹni tó bá rà á ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó pọ̀. RV-6A ni ti Bàbá, Van's Aircraft ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ló ṣe é. Ẹnì kan tí kò ráyè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún ló tà á fún wọn.

Tó bá ń dún létí yín bí àlọ́, ẹ rántí pé Kàdúná la wà. Ní nǹkan bí ọdún 1990, ilé iṣẹ́ AIEP ní ìlú wa níbí mú àwòrán RV-6A yìí kan náà, wọ́n fi ṣe bàálù tí wọ́n pè ní Air Beetle, tí àwọn ọmọ ogun òfuurufú Nàìjíríà fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ wọn. Bàbá ní ọjọ́ tí àwọn kọ́kọ́ rí ọ̀kan lójú ọ̀run ni ọkàn àwọn ti bá a lọ. Wọ́n ní, "Tí Kàdúná bá lè ṣe é, ṣebí Kàdúná náà ni ẹ̀yìnkùlé mi wà."

Táǹkì epo ló gbé mi débẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé èmi ni mo máa ń dí táǹkì mọ́tò tó bá ń jò. Ní ọdún 2011, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé o lè fi ọwọ́ tó mọ́ ṣiṣẹ́?" Mo wo ọwọ́ mi. Ọjọ́ Ìsinmi náà ni, síbẹ̀ dúdú gíríìsì ṣì wà lábẹ́ èékánná mi. Mo ní, "Ẹ óò rí i, sà."

Mo rò pé mo mọ táǹkì. Ṣé ẹ rí i, táǹkì mọ́tò, agolo ni. Wọ́n á ṣe é tán, wọ́n á wá fi bẹ́líìtì gbé e sábẹ́ ọkọ̀. Ti bàálù yìí, iwájú ìyẹ́ fúnra rẹ̀ ni táǹkì. Páànù kan ló tẹ̀ yí àwọn egungun alumíníọ̀mù ká, wọ́n á fi páànù mìíràn dí ẹ̀yìn rẹ̀, epo á sì wà nínú ibẹ̀. Ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba gálọ́ọ̀nù 19 ti Amẹ́ríkà, ìyẹn bíi lítà 72. Epo bàálù fúyẹ́ ju omi lọ, síbẹ̀ tí táǹkì kan bá kún, epo inú rẹ̀ á ju kílò 50 lọ, nínú páànù tí kò nípọn tó mìlímítà kan.

Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ bi Bàbá ni pé, kí ló dé tí a ò kúkú wẹ́ẹ̀dì rẹ̀? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní alumíníọ̀mù tó ṣe é wẹ́ẹ̀dì wà, pé nọ́ńbà 5052 ni àwọn mìíràn fi ń ṣe táǹkì tiwọn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 2024 ni awọ ìyẹ́ yìí. Kọ́pà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti fi iná ìleru sè é kó lè le. Tí iná wẹ́ẹ̀dì bá kàn án, líle yẹn á lọ, ojú ibẹ̀ á sì sán. Nítorí náà rífẹ́ẹ̀tì la ó fi so ó pọ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún rífẹ́ẹ̀tì kéékèèké. Ihò rífẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ibi tí epo lè gbà jáde. Gọ́ọ̀mù ni yóò dí gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù yìí díẹ̀, nítorí òun gan-an ni ìtàn. Agolo méjì ló máa ń wà. Ọ̀kan funfun bí òrí, èkejì dúdú bí tàdáwà. Ìwọ̀n mẹ́wàá ti funfun sí ẹyọ kan ti dúdú, orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, wọn kì í fi ojú díwọ̀n. Ẹ ó pò ó títí á fi dà bí eérú, tí ẹ ò ní rí ìlà funfun kankan nínú rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí ẹ bá ti pò ó ni aago ti ń lọ. Wákàtí méjì ni wọ́n kọ sára agolo tiwa, àmọ́ ooru Kàdúná nínú oṣù March kò mọ ìwé kà. Ó máa ń rùn, ó máa ń lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan: ọwọ́, irun, bàtà. Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ìyá Ìbejì ti fi ṣe aṣọ ìnulẹ̀.

Kí gọ́ọ̀mù tó kan páànù, a ó ti ha ojú páànù títí dídán rẹ̀ á fi kú, a ó fi asẹtóònù nù ún, láti ìgbà yẹn a ò gbọ́dọ̀ fi ìka lásán kàn án mọ́. Òróró ara ìka èèyàn tó láti má jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú. Ìdí nìyẹn tí Bàbá ò fi jẹ́ ká ṣe é nígbà ọyẹ́. Wọ́n ní eruku tó ń ti aṣálẹ̀ bọ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. A dúró títí ọyẹ́ fi lọ, ooru sì dé.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan ló ń bá wa ṣe é. Ọmọ Hausa ni, ọmọ ọdún 16, Mùsùlùmí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kàdúná ní ọdún 2000 mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Lẹ́yìn wàhálà ọdún yẹn, ọ̀pọ̀ Kristẹni kó wá sí apá gúúsù odò, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí apá àríwá. Tudun Wada ni ilé bàbá ọmọ yìí wà. Ojoojúmọ́ ló ń gba orí afárá kọjá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ èmi tí mo jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará àdúgbò wọn sọ fún bàbá rẹ̀ pé kò gbọ́n. Àwọn kan níhìn-ín náà bi mí pé ṣé mi ò rí ọmọ Yorùbá gbà ni. Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ mú un wá, ó fi ọwọ́ ọmọ náà sínú ọwọ́ mi, ó ní, "Amana ce." Ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan wà tí Bàbá Ẹnjinníà kì í fi ṣeré. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà tí a máa ń ṣí kí a tó lọ sílé. Wọ́n á ní kí n kọ ohun tí a ṣe, ta ló ṣe é, wọ́n á wá béèrè pé, "Kí ló bàjẹ́ lónìí?" Ìbéèrè yẹn kì í bí wọn nínú rárá. Tí mo bá ní mo fi dírílù ha páànù, wọ́n á ní, "Kọ ọ́." Tí àwọn fúnra wọn bá ṣi páànù gé, wọ́n á ní, "Kọ ọ́." Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n díẹ̀, èmi ni mo ń mú bírò.

Ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, táǹkì apá òsì la wà lórí rẹ̀. A ti po gọ́ọ̀mù, a ti wà lórí ìlà rífẹ́ẹ̀tì egungun kẹta. Bàbá wọlé lọ lo oògùn. Ọmọ náà ń fi gọ́ọ̀mù sí i, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì fún mi. Èmi mú ìbọn rífẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọ̀tún, mo mú irin tó wúwo tí a fi ń gba rífẹ́ẹ̀tì nínú lọ́wọ́ òsì. Irin yẹn ló máa ń jẹ́ kí ìdí rífẹ́ẹ̀tì tẹ́ pẹrẹsẹ. Òógùn bo ojú mi. Irin yẹ̀ lọ́wọ́ mi, rífẹ́ẹ̀tì kan sì tẹ̀ kọrọdọ.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n á fi dírílù yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn sí i. Àmọ́ mo ń kánjú, gọ́ọ̀mù ti ń le. Dírílù yẹ̀, ihò tó yẹ kó rí róbótó wá gùn bí ẹyin. Ohun tó yẹ ni kí n dúró, kí n gba rífẹ́ẹ̀tì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú ilé ni Bàbá kó irú ìyẹn sí. Tí mo bá lọ gbà á, mo ní láti sọ pé mo ba ihò jẹ́, èmi ọ̀gá tí gbogbo àdúgbò ń gbé táǹkì wá fún. Mo mú rífẹ́ẹ̀tì kékeré, mo kì í bọ inú ihò ńlá, mo lù ú. Ó wọ́ síbẹ̀. Mo bu gọ́ọ̀mù bò ó.

Ọmọ náà tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, wannan fa?" Èyí ńkọ́?

Mo ní, "Gọ́ọ̀mù á dí i. Gbé òmíràn wá."

Ó wò mí. Ó gbé òmíràn wá.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá ní, "Kí ló bàjẹ́ lónìí?" Mo ní, "Kò sí, sà." Mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Níwájú ìlà egungun kẹta, mo kọ orúkọ ọmọ náà, torí lóòótọ́ òun ló fi gọ́ọ̀mù síbẹ̀. Mi ò pa irọ́ kankan nípa rẹ̀. Ẹ ò rí i bí òótọ́ ṣe lè ṣe iṣẹ́ irọ́?

A dí ẹ̀yìn àwọn táǹkì náà. Nígbà tí gọ́ọ̀mù gbẹ tán, Bàbá mú fèrè jáde nínú àpò wọn, wọ́n rà á lọ́jà. Báyìí la ṣe ń dán táǹkì wò: ẹ ó dí gbogbo ojú rẹ̀, ẹ ó ki fèrè sí ẹnu ọ̀pá tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹ ó wá fi ọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọ táǹkì títí fèrè á fi wú. Ẹ ò gbọ́dọ̀ lo afẹ́fẹ́ àwọn fọ́káníṣà, nítorí agbára rẹ̀ á ba táǹkì jẹ́. Ìwọ̀nba tí ọmọdé lè fi ẹnu fẹ́ ti tó. Lẹ́yìn náà, ẹ ó lọ sùn.

Táǹkì ọ̀tún dára. Fèrè rẹ̀ dúró ṣinṣin. Táǹkì òsì, ilẹ̀ mọ́, fèrè ti wólẹ̀ bí etí ajá. Mo ní, "Òtútù òru ni, sà." Òótọ́ sì ni pé òtútù máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ súnkì. Bàbá ní ká dúró dọ̀sán. Oòrùn mú, fèrè kò dìde. Wọ́n po ọṣẹ mọ́ omi, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sára táǹkì. Lórí ìlà egungun kẹta, hóró ìfóófòó kan yọ, kékeré bí ojú ẹja, ó ń tóbi díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ṣí ìwé. "Ta ló fi gọ́ọ̀mù síbí?" Orúkọ ọmọ náà ni wọ́n kà. Wọ́n pè é. Ohùn wọn ò le, àmọ́ wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ò nu páànù yìí dáadáa."

Ó ní, "Wallahi, ba ni ba ne." Ó búra pé òun kọ́. Ó sì wò mí.

Ẹ̀yin ará, mo ní àkókò tó tó ká Baba Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run láti lahùn. Mo ń nu ọwọ́ mi. Bàbá ní kí ọmọ náà má fọwọ́ kan táǹkì mọ́, kó lọ gbálẹ̀. Ó gbálẹ̀ mọ́ tónítóní. Lọ́jọ́ kejì, kò wá síbi iṣẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá Ìbejì ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ò jẹun." Mo ní ó rẹ̀ mí ni. Mi ò sùn. Ohun méjì ló ń bá mi jà. Àkọ́kọ́ ni pé Bàbá ti ṣèlérí láti gbé ọmọ ọmọ wọn obìnrin gòkè lójú ọ̀run. Epo tó ń jò nínú ìyẹ́ lè tán kí èèyàn tó délẹ̀, ó sì lè gbiná. Èkejì ni ọ̀rọ̀ tí bàbá ọmọ náà sọ. Gbogbo àwọn tó ní kò gbọ́n á ti máa sọ pé, "Ṣebí a wí fún ọ." Èmi ni mo sì fún wọn ní ẹ̀rí.

Kí ìkòkò ìdáná tó kan iná, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà Bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí rífẹ́ẹ̀tì dé orí bírò. Bàbá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n wọlé, wọ́n gbé ìwé àkọsílẹ̀ jáde, wọ́n ṣí i sí ojú ewé ọjọ́ yẹn. "Kọ ọ́." Mo fa ìlà sórí "kò sí", mo sì kọ ohun tí mo ṣe. Ọwọ́ tèmi náà ń gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní, "Rífẹ́ẹ̀tì ṣe é tún ṣe. Ọmọ náà ńkọ́?"

Àwa méjèèjì jọ gba orí afárá lọ sí Tudun Wada. Bàbá ọmọ náà gbé ẹní síta fún wa. Mo sọ fún un níwájú ọmọ rẹ̀ pé èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́, pé mo jẹ́ kí wọ́n di ẹ̀bi ru ọmọ. Mo bẹ ọmọ náà. Bàbá Ẹnjinníà náà bẹ̀ ẹ́, àgbàlagbà tó lé ní àádọ́rin ọdún. Bàbá ọmọ náà wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí. Ó ní ọmọ náà sọ fún òun pé ara òun ni kò yá. Kò sọ ohun tí mo ṣe fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Èmi tí mo tà á, òun ló ń bo àṣírí mi.

Mo fẹ́ kí ọ̀gbẹ́ni yẹn bú mi. Kò bú mi. Ó ní kí wọ́n bu omi fún wa mu.

Táǹkì tí a ti dí pa ni a wá ní láti ṣí. Bàbá gé ihò róbótó kan sí páànù ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí èèyàn lè ki ọwọ́ bọ̀. Ọwọ́ tèmi tóbi jù. Ọwọ́ ọmọ náà ló wọlé. Òun ló ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀, ó gba nǹkan bí ọjọ́ méjì. Nígbà tó kan rífẹ́ẹ̀tì tó wọ́ náà, ó ní, "Ọ̀gá, ga shi nan," òun rèé. A fi èyí tó tóbi sí i, a fi gọ́ọ̀mù tuntun dí i, a wá gé páànù róbótó, a fi bo ihò tí a gé. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo sá fún gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn rẹ̀, fèrè tuntun dúró ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tó rọ ni mo ní kí Bàbá fún mi.

Ẹ óò fẹ́ mọ̀ bóyá bàálù náà fò. Bàbá ò rí i kó fò. Ẹ́ńjìnnì ló kù, owó rẹ̀ sì pọ̀. Nígbà tó di 2016 tí dọ́là gbéra sọ, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì parí. A sin wọ́n ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ wọn ta àwọn ìyẹ́ náà fún ọkùnrin kan ní Gúúsù Áfíríkà tó ń kan irú rẹ̀, wọ́n sì fi ìwé àkọsílẹ̀ náà ṣọwọ́ sí i pẹ̀lú wọn. Epo bàálù, wọ́n máa ń pa á láró búlúù; níbi tó bá ti ń jò, àbàwọ́n búlúù á yọ sára páànù. Ọkùnrin náà ránṣẹ́ sí ọmọ Bàbá. Ó ní òun ka ojú ewé tó ní ìlà lórí "kò sí", òun sì dìídì yẹ egungun kẹta wò. Ó ní òun rọ epo kún un, àbàwọ́n búlúù kankan ò yọ.

Ọmọ iṣẹ́ mi ti di ọ̀gá báyìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní òdìkejì afárá. Tí oníbàárà bá gbé táǹkì tó le wá fún mi, òun ni mo máa ń pè.

Ẹ̀yin ará, gọ́ọ̀mù dára, mo ṣì ń lò ó. Ó máa ń di ihò tí a ti tún ṣe. Ihò tí a fi pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀, ojú èèyàn nìkan ló ń bò ó fún. Lálẹ́, tí mo bá ń ti ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń wo fèrè yẹn, mo sì máa ń bi ara mi ní ìbéèrè Bàbá: kí ló bàjẹ́ lónìí? Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ìyàwó mi ni. Àwọn ọjọ́ kan, owó oníbàárà ni. Mo ń gbìyànjú láti sọ ọ́ kí wọ́n tó dí ẹ̀yìn táǹkì. Kí Olúwa ran gbogbo wa lọ́wọ́.